Ọmọ Tí Mo Fún Lọ́mú

Bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Àgbà tó pa òwe yìí kò rántí obìnrin tí iná ń bọ̀ wá jó ọmọ rẹ̀ méjì, ọ̀kan tó bí, ọ̀kan tó fún lọ́mú, tó fa ọ̀kan yọ, tó sì dákẹ́ lórí èkejì. Badríyà ni obìnrin náà, ní ìlú kan létí odò Yúfírétì, níbi tí Ìráàkì ti bá Síríà pààlà. Ó ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, orúkọ rẹ̀ jáde láàárín àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ kí Ọlọ́run nílé Rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ṣẹ̀. Ó ti yí àdúgbò ká. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ní, "Kí lo ṣe fún wa, Ìyá Múnsírì? Ọlọ́run ti foríjì ọ́. Ṣáà bá wa bu omi samsam ti Mẹ́kà bọ̀." Ilé kan ṣoṣo ló kù, ilé Najíbà, ìyá Hátímù, tí ògiri kan pín tiwọn níyà.

Najíbà wà nídìí ààrò amọ̀, ó ń lẹ búrẹ́dì tó ń tà mọ́ ògiri inú rẹ̀. "Àlàájà wa, wọlé," ó ní. "Ìwọ tí o kì í lè rìn dé ọjà láì sinmi, ìwọ lo fẹ́ yí Káábà ká?"

"Mo wá tọrọ àforíjì, Najíbà."

"Mo ti foríjì ọ́. Jókòó, mu tíì."

"O ò tíì gbọ́ ohun tí mo ṣe."

"Kí lo lè ṣe fún mi? Ṣé ìwọ lo jí adìẹ mi ni? Mo ti fi adìẹ náà jìn ọ́."

Ọ̀nà àbáyọ rèé. Badríyà mọ̀ pé bí òun bá dìde báyìí, àforíjì ti bọ́ sọ́wọ́ òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́ dìde lóòótọ́. Ìgbà náà ni Najíbà yọ búrẹ́dì àkọ́kọ́, tó yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá kọjá lójú ọ̀nà, bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú ọmọ rẹ̀ wálé. "Ti Hátímù nìyẹn," ó ní jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi tó ga bí igi dàbínù etí odò. Arẹ́rìn-ín kílẹ̀ tó mọ́. Àárò rẹ̀ kì í darúgbó, Ìyá Múnsírì. Èmi nìkan ló ń darúgbó."

Badríyà ti ife tíì sẹ́yìn. Ọlọ́run Ọba tó ń rí èèrà dúdú lórí òkúta dúdú ń wò ó.

"Má fún mi ní nǹkan kan mu. Òtítọ́ tí mo ti faṣọ bò ni mo fẹ́ tú síta, kí ikú tó ká a mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, èmi ni mo gbé Hátímù sí ọmú ọ̀tún, tí mo gbé Múnsírì sí tòsì. Lójú ẹ̀sìn, ọmọ mi ni. Àwọn méjèèjì jọ wọ ẹgbẹ́ ológun ni, torí kò síṣẹ́ nílùú, àwọn ará Ìránì tó ń bọ́ ẹgbẹ́ náà sì ń sanwó. O rántí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ju rọ́kẹ́ẹ̀tì lu bárékè àwọn Amẹ́ríkà, tí sójà kú níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n máa gbẹ̀san, a ò kàn mọ ọjọ́ ni. Tálíbù ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n, torí òun ló ń túmọ̀ èdè fún àwọn Amẹ́ríkà náà. Ó wá bá mi lọ́sàn-án, ó ní, 'Òní ni. Ilé ìkẹ́rùsí etí ààlà ni ọkọ̀ òfurufú wọn ń bọ̀ wá jù bọ́ǹbù sí. Mú ọmọ rẹ kúrò níbẹ̀. Tẹ́lòmíì bá gbọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á mọ̀ pé èmi tó ń bá Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ni mo sọ ọ́, wọ́n á dúńbú mi.' Mo ní, 'Hátímù ńkọ́?' Ó ní, 'Ọmọ kan, Badríyà.' Èmi ìkà yìí sì gbà. Mo pe Múnsírì, mo ní àyà ń pa mí kú lọ, kó wá gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu mi. Ó ní òun ló wà lẹ́nu ìṣọ́. Mo ní kó wá ẹni tó máa dúró dè é. Mi ò béèrè ta ni. Mo mọ̀, Najíbà. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Búrẹ́dì kan já sínú iná. Najíbà kò yọ ọ́.

"Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Múnsírì wọlé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ó bá mi lórí ìdúró. Ó ní Hátímù lé òun wálé, pé ìyá àwọn méjèèjì ló ń ṣàìsàn, kí òun máa sáré lọ. Kò tíì jókòó tí fóònù mi fi dún. Hátímù ni. Ó fẹ́ mọ bí ara mi ṣe rí. Mo lè sọ fún un pé kó sá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ọrùn Tálíbù ni mo rò, mo wá ní, 'Ara mi ti ń yá, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ.' Mo pa fóònù. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi mì, tí gíláàsì fèrèsé fọ́. Ìwọ lo sáré wá kanlẹ̀kùn, o ń béèrè bóyá àwọn ọmọ wa wà nílé. Mo dì mọ́ ọ, mo bá ọ sunkún bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Tálíbù ti kú báyìí. Múnsírì fura, ó bi mí, mi ò lè purọ́ fún un. Ó kẹ́rù rẹ̀. Ó wà ní Jámánì, kì í gbé fóònù mi. Ẹni tí mo torí rẹ̀ ṣe é, mi ò rí i dì mọ́ra. Gba àforíjì tí o fún mi lẹ́ẹ̀kan padà, Najíbà, ẹ̀tàn ni mo fi gbà á. Tó o bá máa fún mi, fún mi nísinsìnyí tí o ti gbọ́."

Èéfín gba àgbàlá. Ẹnì kan kígbe láti ìta pé òun fẹ́ ra búrẹ́dì, Najíbà ní kò sí. Ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Badríyà dorí kodò, ó ń retí èpè.

"Ó pè ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn," Najíbà wí.

"Ó pè mí."

"Àárọ̀ ni èmi ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Mo rò pé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́." Ó fà sún mọ́ Badríyà títí orúnkún wọn fi kanra. "Sọ gbogbo ohun tó bá ọ sọ fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni kó o sọ ọ́, jọ̀ọ́."