Ìyáálé Mi Ló Fà Mí Yọ Nínú Odò

Ẹ̀yin ènìyàn mi, irọ́ kan wà lọ́rùn mi tí gbogbo ará ilé wa ní Gangare, nílùú Jos, fi ń yìn mí. Mi ò lè gbé e mọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọmọ wa fẹ́ lọ ṣeré létí odò Asọ́ọ̀pù. Ìyáálé mi, Ìyá Ràmá, kò ní lè bá wọn lọ, èmi ni mo sì fà á.

Jos ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n mi ò dé odò yẹn rí àfi ìgbà tí Ìyá Ràmá mú mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò bá tíì débẹ̀, ẹ gbìyànjú. Ọ̀nà tóóró ni a tọ̀ láàárín igi, a sì ti ń gbọ́ ariwo omi tipẹ́ kí a tó rí i. Omi náà ń já láti orí àpáta sórí àpáta, ó funfun, ó ń hó bí ọṣẹ, ó ń ta sí wa lójú. Ìyá Ràmá bọ́ bàtà, wọ́n jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí nílé.

Oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró sí mi lára nígbà náà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń wá a. Alhaji, ọkọ wa, ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sún mọ́ omi. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri náà ń sọ pé, "Sannu-sannu, ẹ rọra." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo fẹ́ ya fọ́tò lórí òkúta kan. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, omi sì gbé mi.

Ìyá Ràmá ò kígbe. Wọ́n bẹ́ sómi, wọ́n gbá aṣọ mi mú, wọ́n fi ọwọ́ kejì di àpáta mú títí ọkùnrin yẹn fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti ṣẹ́. Mi ò tíì rí obìnrin tó láyà tó wọn.

Nígbà tí a délé, Alhaji bi wá pé, "Ta ló kó sómi?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ìyá Ràmá ni, sà. Èmi ni mo fà wọ́n yọ."

Ìyá Ràmá wò mí, wọ́n wo ikùn mi, wọ́n sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Alhaji ti ní Ìyá Ràmá kò gbọdọ̀ dé etí odò kankan mọ́. Èmi ni ará ilé ń fi han àlejò bí akọni.

Oyún ìgbà yẹn ti di ọmọ tó ń lọ iléèwé. Lánàá, mo bá Ìyá Ràmá ní ilé ìdáná, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ òótọ́.

Wọ́n ní, "O lóyún. Mo rò pé tó o bá ti bímọ tán, wàá fẹnu ara rẹ sọ ọ́." Wọ́n rọra fi kún un pé, "Lásìkò òjò yìí, omi yẹn á ti kún. Á dára láti wò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi jù. Ṣé kí n bá Alhaji sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ ni, àbí lójú gbogbo àwọn ọmọ tí mo ti parọ́ fún? Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi mí ṣe. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí Ìyá Ràmá lọ wo omi wọn.