Abọ́sẹ̀dé Ìyàwó Mi Kì Í Ṣe Ará Ìgbàanì

Bàbá Àlàó, ẹ jókòó, bí ìjókòó bá sú yín kẹ́ ẹ dìde, ṣùgbọ́n mi ò ní í lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́la, mi ò lọ, àní mi ò lọ! Wọ́n rán yín wá sí Ìba nínú oòrùn ọ̀sán, pé kẹ́ ẹ wá bẹ̀ mí kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Ta ló ṣe ta? Ẹni tí wọ́n jí adìẹ rẹ̀ gbé ni yóò lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó pa á jẹ, pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, mo gbọ́ pé itan rẹ̀ le?

Wọn ò sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, àbí? Wọn ò jẹ́ sọ ọ́! Láti ọdún tí wọ́n ti gbà mí ni mo ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà ní èdè Yorùbá. Mo rí i pé òwe táwọn baba wa fi sílẹ̀ pọ̀ lórí ogun, ó pọ̀ lórí oko, ó pọ̀ lórí àna, ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló dúró rí níwájú ọ̀wọ́ ọmọ tí kò fẹ́ mọ A, B, D? Ni mo bá ń fi orí ara mi ṣẹ̀dá òwe tíṣà. ‘Ẹni tó bá fi ìkánjú fọ́ àgbọn, ilẹ̀ ni yóò mu omi rẹ̀.’ Ìyẹn wà fún tíṣà tó ń na ọmọ tí kò tètè mọ̀wé. ‘Ọ̀nì ò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí kò lè lúwẹ̀ẹ́.’ Ìyẹn wà fún tíṣà tó ń fojú di ọmọ apẹja.

Ẹ ṣe ń mi orí? Ẹ ti gbọ́ ti àgbọn yẹn rí? Níbo? Ní mọ́ṣáláṣí? Háà! Ó ti dé mọ́ṣáláṣí! Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ? Ní èṣí! Èmi ni mo bí i, bàbá! Nínú kíláàsì ni mo bí i sí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kò sí ẹni tó bá mi rọbí.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá dé, ilé-ìwé ń hù bí olú láti Ojo títí dé Àgbádárìgì, ìwé ò sì tó. Ọ̀gá wa bá tẹ ìwé òwe jáde fún àwọn tíṣà. Mo ṣí i, gbogbo òwe mi ló tò síbẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà láàárọ̀, wọ́n wẹ̀, wọ́n para, ẹ̀yìn ìwé wá ń jẹ́ Ọláìtán, orúkọ ọ̀gá wa. Ọláìtán! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ kí èèyàn káàárọ̀, àfi kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀! Mo wá orúkọ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo dorí ìwé kodò, mo gbọ̀n ọ́n. Kò já bọ́.

Mo tọ̀ wọ́n lọ, mo ní, sà, iṣẹ́ ọpọlọ mi nìyí. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì tí mo fi kọ ọ́, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Pátákó, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Nítorí náà òwe náà di ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó dáa. Ọmọ yín obìnrin tó bímọ sí ọsibítù láìpẹ́ yìí, ṣé ẹni tó ni bẹ́ẹ̀dì ló ni ọmọ? Kí lẹ wá ń gbé e sùn nílé yín fún? Ẹ tètè lọ dá ohun olóhun padà!

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Wọ́n pe ìpàdé àwa olùkọ́. Ọ̀gá ní, ‘Àjàgbé, níjọ́ tó o kọ́kọ́ pa òwe àgbọn níwájú wa, kí lo sọ tẹ̀ lé e?’ Kí lọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ń sọ níwájú àgbà? Mo ní, ‘Mo ní, tótó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà lẹ lòwe.’ Wọ́n ní, ‘O ṣeun. Àwa àgbà la ni ín. Kí la fi dá ọ lóhùn?’ Mo ní, ‘Ẹ ní n óò rí òmíràn pa.’ Wọ́n ní, ‘Ẹ̀hẹ́n! O fún wa, a gbà á. Lọ pa òmíràn.’ Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àrínọlá tó ń kọ́ wọn ní ìránṣọ rẹ́rìn-ín, ẹni tí n kò tíì rí eyín rẹ̀ rí!

Wàláì, ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n fi jà mí lólè! Mo sọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn, ni wọ́n bá ní àfi kí n wá dọ̀bálẹ̀. Bó bá jẹ́ pé mo ya ìpáǹle ni, tí mo ń ju òwe lu àgbà bí òkò, òwe mi ì bá wà lọ́wọ́ mi. Bẹ́ ẹ bá bá mi nídìí oúnjẹ, tí mo ní ẹ wá ká jẹun, ṣebí ẹ óò ní kó gba ibi ire, ẹ óò sì kọjá lọ? Ṣé abọ́ lẹ óò gbé lọ?

Ẹ dúró, mi ò tíì débi tó gbóná. Òwe kan wà níbẹ̀, ‘Abọ́sẹ̀dé ò pẹ́, oòrùn ló yá jù.’ Mo fi ń bú tíṣà tó bá pẹ́ dé kíláàsì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá túmọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀: ‘Abọ́sẹ̀dé, akíkanjú obìnrin kan ní ayé ìgbàanì, tó bá oòrùn jiyàn lójú ogun.’ Bàbá, ìyàwó mi ni! Òun ló ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé yẹn! Ẹ̀yin lẹ bá mi fẹ́ ẹ! Abọ́sẹ̀dé! Wá kí bàbá, kí wọ́n rí ará ìgbàanì!

Ó ní òun ń bọ̀. Ẹ rí i báyìí, ó tún fẹ́ pẹ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, bàbá, ọ̀rọ̀ ẹkún ni. Lọ́jọ́ kan tíṣà yóò bi ọmọ mi pé ta ló ṣẹ̀dá òwe yìí. Bó bá ní bàbá òun ni, wọn yóò nà án ní ẹgba irọ́. Ìyẹn lẹ fẹ́ kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún? Kí wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò níbẹ̀, kí wọ́n kọ Àjàgbé Ọláyíwọlá, gàdàgbà gadagba! Bí wọn ò bá kọ ọ́, láti ọ̀la lọ, bí mo bá pa òwe níwájú àgbà kankan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, mi ò ní í ní tótó. N óò pa á tán, n óò wo ojú wọn, n óò ní, ‘Tèmi ni.’ Kí wọ́n lé mi!

Ẹ ní kí ni? Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní í rẹ́ni bá ṣeré? Ó dáa. Ta ló ni ìyẹn? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n! Ẹ ò wá rí nǹkan? Ẹnì kan ló fi orí ara rẹ̀ rò ó, ó ní tótó ṣe bí òwe, ọ̀gá kan sì dá a lóhùn. Ẹ lọ sọ fún Ọláìtán pé ti ẹni yẹn ti kọjá. Tèmi ò ní í kọjá.