Ohùn Tí Mo Jí Lọ́nà Lilongwe

Láti Nsanje títí dé Karonga, kò tíì sí ẹni tí a bí tí mi ò lè sín ohùn rẹ̀ jẹ. Ẹ mú mínísítà wá, ẹ mú bíṣọ́ọ̀bù wá, ẹ mú ewúrẹ́ tó ń rọbí wá pàápàá. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ kọjú sí ògiri, ẹ ò ní mọ èwo ni èmi nínú wa. Èmi Gomezgani Nyirenda ni mo wí bẹ́ẹ̀, mo sì ti fi ọ̀fun yìí jẹun dáadáa. Lónìí ọjọ́ Sátidé, ọ̀fun kan náà ló so mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa gé àpótí ohùn náà kúrò, dókítà sì ní bí ẹ̀mí bá bá a lọ, kí n má bínú sí òun. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jáde yunifásítì, tí ẹ ń kọ̀wé lọ́dọọdún láti lọ kọ́ṣẹ́ nílé aṣòfin òkèèrè. Ẹ máa ń rí fọ́tò mi lára ògiri níbi tí ẹ ti ń gba fọ́ọ̀mù: èmi nínú kóòtù dúdú, gbogbo eyín mi síta. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Olè ló ń rẹ́rìn-ín yẹn.

Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mú ní gbogbo Màláwì. Oṣù mẹ́fà nílé aṣòfin ilẹ̀ òyìnbó! Wọ́n á fi bàálù gbé ọ, wọ́n á fún ọ ní yàrá, wọ́n á ra kóòtù òtútù fún ọ, aṣòfin gidi á sì máa pè ọ́ pé wá bá mi wo ìwé òfin yìí. Nínú gbogbo àwa tí a kọ̀wé, ó ku méjì: èmi àti Mtisunge Gausi. Ọmọbìnrin yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnu. Nígbà tí bàbá mi ò lè sanwó ilé-ìwé mọ́, àwo nsima kan, òkèlè àgbàdo wa, tó bá rà, ìdajì rẹ̀ tèmi ni. Ó ti ka ìwé òfin ilẹ̀ wa títí ẹ̀yìn ìwé náà fi já. Ohun tó kọ fún àwọn tó ń yan wá ni bí ẹ̀bẹ̀ àwọn obìnrin abúlé ṣe máa ń kú sójú ọ̀nà kó tó dé ilé aṣòfin. Ohun tí èmi kọ ni ìtàn ara mi.

"Gome," á ní, "bí wọ́n bá mú ọ, ilé aṣòfin wọn á di tíátà."

"Bí wọ́n bá mú ìwọ ńkọ́?"

"Wọ́n á ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló ń bà ọ́ nínú jẹ́."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ó ń bà mí nínú jẹ́. Ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín jù ni bí mo ṣe ń sín ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jẹ, Bàbá Bauleni, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní abúlé Mkwinda lápá Ntcheu. Iṣẹ́ lílẹ táyà ni bàbá yẹn fi rán an níwèé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, lórí fóònù Mtisunge: ohùn bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí òkúta, tó sì ń kùn "hẹ̀n-ún" láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Ẹ̀ẹ̀kan ọ̀hún tó mi. Bí mo bá ti ṣe é báyìí, Mtisunge á wó lulẹ̀, á di ikùn mú: "Gome, jọ̀ọ́, o ó pa mí!"

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò ní Lilongwe, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Lọ́jọ́rú, àwa méjèèjì jọ wọ bọ́ọ̀sì ní Zomba. Ó ń ka ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, mo sì rí i kedere pé òun ni wọ́n máa mú. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró ní Balaka kí èrò lè ra ọ̀dùnkún díndín, mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Obìnrin kan wà lábẹ́ agboòrùn níbẹ̀ tó ń fi fóònù yá èèyàn pè. Mo gba fóònù, mo kọjú sí ògiri. "Mtisunge... hẹ̀n-ún... ìyá-àgbà rẹ ti lọ... hẹ̀n-ún... máa bọ̀ kíákíá, fóònù oní-fóònù ni mo fi ń pè." Mo pa á.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, arákùnrin," ni obìnrin náà wí. "Ìyá-àgbà tó lọ yẹn, ṣé ó dàgbà?"

"Kò sẹ́ni tó lọ, Màmá. Eré ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹnu fóònù náà. "Ẹ má wá ṣeré níbí mọ́."

Àjèjì tó ń ta ìpè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ̀ pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Èmi tí mo kàwé ra ọ̀dùnkún lọ́nà méjì, mo padà sínú bọ́ọ̀sì. Mtisunge ti fa ìró yọ nínú báàgì, ó ti so ó mọ́ ìdí lórí ṣòkòtò tó wọ̀ fún Lilongwe. "Gome, Màmá-àgbà ti kú." Mo fi igbe bọnu! Mo sunkún débi pé èrò méjì ló ń dì mí mú tí ẹnikẹ́ni ò di òun mú. Ẹ ó ní kí ló dé tí kò pè padà láti wádìí. Lọ́dọ̀ wa, a kì í wádìí òkú. Ẹni tí wọ́n bá pè síbi ìsìnkú, tó ní ṣé ó dá yín lójú, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí. Mo mọ̀. Orí àṣà yẹn ni mo gùn bí ẹṣin.

Ní oríta Ntcheu, ó kọ lẹ́tà kékeré lórí eékún, ó ní kí àwọn tó ń yan wá jọ̀ọ́ gba òun láyè di ọjọ́ Ẹtì. "Bá mi fún wọn, ọmọ ìyá mi." Èmi ni mo bá a gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì ṣe gbéra, mo jẹ ọ̀dùnkún tèmi, mo jẹ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n má fi nǹkan kan pamọ́: ó dùn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá tó ṣáájú ìgbìmọ̀ náà béèrè pé, "Mtisunge Gausi ńkọ́?" Lẹ́tà rẹ̀ wà nínú ìbọ̀sẹ̀ mi. Mo mí kanlẹ̀, mí-mí orí ìtàgé. "Ẹ má bínú, Màmá. Ó ní òun ń lọ sílé ọkọ, pé ti ilẹ̀ òkèèrè ò wu òun mọ́." Èmi ni wọ́n mú.

Àbí ẹ rò pé ó tán níbẹ̀? Ní Mkwinda, ẹni tó ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú kì í wọlé lásán. Láti etí abúlé ni á ti ké, ẹni tó bá sì gbọ́ gbọ́dọ̀ gbè é. Ẹkún ló máa ń ṣáájú, ìbéèrè á tẹ̀lé e. Mtisunge figbe ta lábẹ́ igi máńgòrò, ni abúlé bá gbà á. Àwọn obìnrin da omi síná. Àwọn agbẹ́sàárè gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n kọrí sí itẹ́. Ta ló ń sunkún ju gbogbo wọn lọ? Màmá-àgbà Falesi fúnra rẹ̀! Ó sáré jáde lẹ́yìn àká àgbàdo, ọwọ́ lórí: "Yéè! Ta ló kú o? Ta ló fi wá sílẹ̀?"

Ọkùnrin kan tó gbé ọkọ́ dáhùn pé, "Màmá, ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀? Kí n kú kí n má tíì jẹ oúnjẹ ọ̀sán?"

Gbogbo abúlé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹnì kan béèrè pé ta ló ránṣẹ́ òkú. Mtisunge tí kì í purọ́ ní, "Bàbá Bauleni ni. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́." Bauleni yọ láti ibi iṣẹ́, gíríìsì lọ́wọ́, ó ní fóònù òun ti kú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọn ò gbà. Ọmọ tó bá kéde ikú ìyá rẹ̀ tó wà láàyè, ikú ló ń pè, oṣó sì ni. Baálẹ̀ ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ díẹ̀ kí òun dájọ́. Mtisunge ò lè fi bàbá tó rán an níwèé sílẹ̀ sáàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Ẹtì ṣe kọjá lọ.

Ọjọ́ tí lẹ́tà pé wọ́n ti mú mi dé ni Mtisunge pè mí. Ó kọ́kọ́ kí mi kú oríire ná. Ẹ gbọ́ o, ó kí mi kú oríire!

"Gome, kò sẹ́ni tó mọ ohùn bí ìwọ. Ṣé ẹlòmíràn lè ní ohùn Bàbá Bauleni? Ó ń búra, ó ń sunkún. Bí o bá ní ó ṣeé ṣe, màá dìde lọ́la níwájú baálẹ̀, màá ní mo ṣì í gbọ́."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: ó ṣeé ṣe. Lẹ́tà náà wà lórí itan mi. Mo rò ó pé bí obìnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì, á rántí ẹni tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ohùn kì í purọ́, Mtisunge. Bí o bá gbọ́ ọ, òun ni."

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ ìyá mi."

Ẹ̀ṣẹ̀ náà nìyẹn. Ìró ẹkún tí mo fi ṣeré, lẹ́tà inú ìbọ̀sẹ̀, ọ̀dùnkún, ọmọdé ni gbogbo wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Baálẹ̀ dá Bauleni lẹ́bi lọ́jọ́ kejì, wọ́n sun ilé rẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti irinṣẹ́ nínú rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ dé etí adágún ní Nkhotakota, níbi tó ti ń lẹ táyà lábẹ́ igi. Lọ́dún kejì, Màmá-àgbà Falesi wá kú lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀, ìdajì abúlé jókòó sílé, wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ti lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn díẹ̀ ló sin ín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò sí níbẹ̀. Èmi wà nílẹ̀ òyìnbó, níbi tí wọ́n ti fún mi níṣẹ́ gidi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà náà; aṣòfin mi ní kí n sín olórí ẹgbẹ́ wọn jẹ, mo ṣe é, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mtisunge ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ntcheu dòní. Nígbàkigbà tí mo bá wálé, á gbé ẹ̀pà wá fún mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àyè kan lè ṣẹ́ kù fún ẹ̀yin méjì. Bí ó bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, sunkún, nu ojú, lọ sílé. Ilé wà láti lọ. Èmi ti dé gbogbo ibi tí ẹ ń lọ, mo sì ń bẹ̀ yín láti orí bẹ́ẹ̀dì yìí, ẹ gbà mí gbọ́: ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ọ̀bẹ dókítà ni mo ń bẹ̀rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí n kú kí wọ́n sì máa pe bàbá yẹn ní oṣó.

Lọ́jọ́rú ni mo ránṣẹ́ pe Mtisunge, mo sọ ọ́ délẹ̀. Kò sunkún. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Lánàá, ọjọ́ Ẹtì, ó padà wá pẹ̀lú ọkùnrin méjì: baálẹ̀ Mkwinda, àti bàbá kan tí orí rẹ̀ ti funfun, tí gíríìsì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo na ìwé ìjẹ́wọ́ tí mo ti fọwọ́ sí sí baálẹ̀.

Baálẹ̀ ò gbà á. "Ìwé ò lè ṣe é. Ohùn la fi dá a lẹ́bi, ohùn ni yóò dá a láre. Ṣe é kí a gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí, "kò gbọdọ̀ gbóhùn sókè, ọ̀fun yẹn lè ya."

"Nọ́ọ̀sì, ọdún mọ́kànlá ni ẹni yìí ti wà lábẹ́ igi."

Mo kọjú sí ògiri bí mo ti ṣe ní Balaka. Ẹ̀jẹ̀ ń ta lẹ́nu mi. Mo fa gbogbo ohùn tó kù jọ: "Mtisunge... hẹ̀n-ún... ìyá-àgbà rẹ ti lọ... hẹ̀n-ún..."

Mtisunge figbe ta, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú. "Òun ni! Yéè, òun gan-an ni!" Baálẹ̀ bọ́ fìlà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Bauleni, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ padà wálé. Ẹ foríjì wá." Èmi náà ní, "Ẹ foríjì mí," àmọ́ afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Gbogbo wa wá ń wo Bauleni, tí kò tíì sọ nǹkan kan láti ìgbà tó ti wọlé. Ó họ etí. Ó wò mí, ó wo Mtisunge, ó wo baálẹ̀ nílẹ̀. Ó fi ohùn tínrín kan, tí kò jọ èyí tí mo gbọ́ lórí fóònù Mtisunge, sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kò kùn "hẹ̀n-ún" kankan.

"Kò jọ ohùn mi rárá," ló wí.