Ìwé Ọkọ̀ Tí Mo Fọwọ́ Sí Lórúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Wọ́n máa so mí rọ̀. Wọn ò sọ ọjọ́ fún mi, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Tí kọ́kọ́rọ́ wọ́dà, ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, bá ti ń dún láàárọ̀, màá máa ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ títí á fi kọjá.

Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé kí wọ́n tó mú mi, lọ́dọ̀ Làmídì, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ìta, ó ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, ó ní kí n máa fi kó sìmẹ́ǹtì. Òun ò mọ̀wé. Èmi ka ilé ìwé Mọ́dà díẹ̀ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó sá kúrò, mo sì ń fi yangàn sí i.

Ní Òṣòdì, wọ́n ń pè mí ní ọlọ́kọ̀. Mi ò jiyàn. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ní òun fẹ́ rà á, ojú tì mí láti sọ pé kì í ṣe tèmi. Nígbà tó rí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ìwé ọkọ̀, mo purọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n bá òun tà á. Ó mú mi lọ bá lọ́yà, kí wọ́n ṣe ìwé tí ọlọ́kọ̀ fi ń fún ẹlòmíì láṣẹ láti tà á. Mo ti mú bíírò. Lọ́yà gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni, níwájú mi níbí. Lọ pè é wá."

"Ọ̀gá, ọmú kan náà la jọ mu. Ṣé ọwọ́ ẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi ni?"

Kò rẹ́rìn-ín.

Mo wá akọ̀wé kan rí ní Èjìgbò, tó ní òǹtẹ̀ lọ́yà ayédèrú. Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi gàdàgbà, mo tún fa ìrù sí i nídìí. Mo gbàgbé pé àtàǹpàkò ló fi ń tẹ gbogbo ìwé. Oníbàárà rí òǹtẹ̀, ó sanwó fún mi, ó gbé ọkọ̀ lọ. Mo sọ nílé pé wọ́n jí i.

Kò pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi rí ọkọ̀ ẹ̀ l'Óṣòdì. Ẹni tó rà á fi ìwé hàn án, ó ní ọwọ́ mi lòun ti rà á. Ó délé, kò pariwo, ó ní kí n wọ bàtà ká lọ rí lọ́yà. A gba ẹ̀gbẹ́ rélùwéè, ó ṣíwájú.

"Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́pàá lẹ ń mú mi lọ bá."

"Lọ́yà ni mo sọ. Wàá jẹ́wọ́ níbẹ̀, ká gba ọkọ̀ padà. Ta ló máa mú àbúrò ẹ̀ fún ọlọ́pàá?"

Mi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀wọ̀n nìkan ni mò ń rí. Mo he irin kan nílẹ̀, mo là á mọ́ ọn lórí látẹ̀yìn. Ó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọdé, ó sì kú.

Nígbà tí wọ́n mú mi dé kóòtù, wọ́n gbé ìwé yẹn jáde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ òun ò di bíírò mú rí láyé. Mo sá fún ẹ̀wọ̀n, mo kó sókùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jọ mí, tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè yín lọ́gá lórí ohun tí kì í ṣe tiyín, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ pe ẹni tó ni nǹkan wá, ẹ lọ pè é. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú yín lọ jẹ́wọ́. Ẹni tó kù tí ì bá bá mi bẹ̀bẹ̀ báyìí, òun ni mo pa.