Mo Sẹ́ Bàbá Mi Níwájú Àwọn Ológun

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí bàbá tó bí mi ti ń fi èdè Hausa dá mi lóhùn nínú ilé mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Kàdúná yóò ní kí ló burú níbẹ̀. Hausa la fi ń ra ata, òun la fi ń wọ mọ́tò, òun la fi ń bá aládùúgbò ṣàwàdà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti kékeré wa ni bàbá mi ti fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà wa, Yorùbá ni yóò sọ, torí ẹni ilé ni. Bí ọmọ bá gbàgbé, yóò padà síta, yóò kan ilẹ̀kùn bí àlejò. Nísinsìnyí, tí mo bá kúnlẹ̀ gbé ẹ̀kọ síwájú wọn láàárọ̀, tí mo ní "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ohun tí mo ń gbọ́ ni "Sannu, madam. Na gode." Madam! Èmi ọmọ inú wọn! Wọn ò bínú, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tó wọ̀ sílé onílé. Mo kórìíra ara mi débi pé mi ò fẹ́ wo dígí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò ní fi ọ̀kan pamọ́. Bàbá mi wà lára àwọn tí Òyìnbó kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì. Nígbà tí wọ́n dé, Kàdúná ni wọ́n jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun yẹn. Inú agolo bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta tí wọ́n fún wọn wà. Nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún wọn, Bàbá Audu, Hausa tó ń gbé ní Barakallahu. Èmi ní tèmi, mi ò lọ iléèwé. Aṣọ ni mò ń rán ní Barnawa, bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà ni mo fi kọ́ ara mi ní ìwé kíkà. Láàárín àwọn ìyàwó ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń rí ara mi bí èérún. Nígbà tí lẹ́tà wá dé kí ọdún tó tán pé ìjọba fẹ́ yẹ àwọn jagunjagun àtijọ́ díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí, ní ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, mo ní ọjọ́ tèmi pé.

Bàbá ní àwọn ò lọ. Wọ́n ní, "Ìtọ̀ kì í dúró lára mi mọ́, ìwọ náà sì mọ̀. Wọn yóò sá wa sóòrùn bí èlùbọ́ títí ọ̀gá wọn yóò fi jí." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má mu omi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó parí." Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún àgbàlagbà nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa ń bó! Mo ra kóòtù gwanjo, àlòkù tó ṣì dára, mo tú u, mo tún un rán kó bá wọn lára mu. Mo fi eérú fọ àmì-ẹ̀yẹ títí wọ́n fi ń dán. Mo wọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ ọwọ́.

Agogo méje la dé pápá. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí ìríra! Àwọn ọ̀gá wà lábẹ́ kánópì lórí àga tìmùtìmù. Àwọn bàbá náà, mẹ́sàn-án péré, àga onírin ni wọ́n tò wọ́n sí ní gbangba, eruku ń fẹ́ lù wọ́n lójú. Sójà kan ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde títí àlejò pàtàkì yóò fi dé. Ẹni tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké "Akọni wa! Akọni wa!", kò sì sí ẹni tó bu omi fún akọni. Ìyàwó ọ̀gá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa dúró tì mí nídìí okùn tí wọ́n ta fún àwa òǹwòran. Mi ò tíì sọ fún un pé bàbá mi wà níbẹ̀. Mò ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ pe orúkọ wọn, kó lè dùn dáadáa.

Ó lé ní agogo mẹ́wàá nígbà tí mo rí Bàbá tí wọ́n nawọ́ sókè. Bí ọmọ iléèwé! Sójà mi orí. Wọ́n tún nawọ́. Sójà ní, "Baba, zauna!" pé kí wọ́n jókòó. Òùngbẹ tí mo fi pa wọ́n kò dá ìtọ̀ dúró. Ṣòkòtò tutù, ó ṣàn sínú bàtà, àwọn ọmọ iléèwé tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ọ̀gá bo imú. Sójà fi ìbínú kọjú sí wa nídìí okùn, ó ní ta ló mú bàbá yìí wá. Èmi ló ń wò. Ẹnu mi là, mo ní, "Ban san shi ba." Èmi ò mọ̀ ọ́n! Bàbá ò jìnnà sí mi ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí, wọ́n sì wo ilẹ̀.

Bàbá Audu, tó wà lára àwọn mẹ́sàn-án náà, ló dìde. Sójà ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n bọ́ kóòtù ọrùn wọn, wọ́n so ó mọ́ ọ̀rẹ́ wọn nídìí, wọ́n fà wọ́n lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì rìn gba àárín pápá kọjá. Ṣé mo tẹ̀ lé wọn? Mo dúró. Nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì inú páálí, mo gbà, mo sì jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán o!

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, Bàbá Audu ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ fún wọn. Bàbá Audu fi Hausa bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Ọmọ mi, ìgbẹ́ ọ̀rìn mú mi ní Bọ́mà. Ọjọ́ méjì ni bàbá rẹ fi pọ̀n mí, gbogbo ẹ̀ ń ṣàn sí i lára. Wọ́n ní kó jù mí sílẹ̀, ó ní òun mọ̀ mí." Wọ́n dé fìlà, wọ́n lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Bàbá wò mí, wọ́n kí mi káàbọ̀ bí àlejò: "Sannu da zuwa, madam."

Mo ti mú pásítọ̀ wá bẹ̀ wọ́n, Hausa náà ni wọ́n ṣì ń bá mi sọ. Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Mando, Bàbá bá a sọ Yorùbá, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìwọ nìkan lo di ará Kánò?" Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bàbá ò sì lè mu ẹ̀kọ ife kan tán mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú wọn nílé, bí wọ́n bá ní àwọn ò lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Pásítọ̀ ní kí n dìde ní ọjọ́ ìsinmi kí n jẹ́wọ́ fún gbogbo ìjọ, pé bóyá Bàbá á gbọ́ kí ọkàn wọn rọ̀. Mo fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí mo bá sọ ọ́ tán, wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún mi, wọn yóò ní mo nígboyà, ìyàwó ọ̀gá yẹn yóò sì dì mọ́ mi. Ṣé torí Bàbá ni mo fẹ́ ṣe é, àbí mo tún fẹ́ fi wọ́n gbayì lẹ́ẹ̀kejì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má ṣàánú mi.