Ẹni Tó Ń Polówó

Lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń tún fóònù mi ṣe ní Òkè-Àfà, ọ̀dọ́bìnrin kan àti ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣe áàpù táwọn ọlọ́jà Apákùn á máa fi kọ ìpolówó ọjà wọn ń jiyàn níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní yọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe lẹ́tà lọ́ṣọ̀ọ́ yẹn kúrò," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí.

"Áàpù wa ò níṣòro tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó o ní kí wọ́n lè mú lẹ́tà nípọn, kí wọ́n lè kùn ún ní pupa, ló bẹ̀rẹ̀ sí í háńgì lórí fóònù kékeré. Ọ̀rọ̀ ṣáà lọ̀rọ̀!"

"Ṣé ẹ ti ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ohùn kan ṣoṣo polówó rí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀la la máa fi han àwọn ìyálọ́jà o. Tó bá háńgì mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á lé wa."

"Ìdí tí mo fi wá ra irú fóònù tí wọ́n ń lò nìyẹn. Kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, màá ti tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ ìpolówó yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Nígbà tá a wà ní yunifásítì, rúlà àti bírò pupa la fi ń fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá jọ wá lójú. Mi ò mọ̀ pé ṣe là ń polówó ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀dọ́bìnrin náà mú fóònù àlòkù kan tójú rẹ̀ ti sán nínú àwọn tí ọ̀gá náà ń tà, ó gbé áàpù náà sí i, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì tẹ ibi tó ń mú lẹ́tà nípọn. Kíá ni fóònù gan.

"Ṣó o rí i?" ni ọkùnrin náà wí.

Ọ̀dọ́bìnrin náà kọjú sí ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi dì í. Èyí tó ń háńgì yìí gan-an ni mo ń wá."