Àgbá Epo Tó Wà Lágbedeméjì Ọ̀nà

Ẹ̀yin awakọ̀ ilé iṣẹ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì ná. Ọ̀rọ̀ tó há mi lọ́fun, n ó sọ ọ́ lónìí, kó já síbi tó bá wù ú.

Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀nà abúlé òkè. Èèyàn á wakọ̀ títí, kò ní rí ilé kankan àfi ahéré kan lágbedeméjì. Ibẹ̀ lẹ gbé àgbá dísẹ́ẹ̀lì sí. Ẹni tí epo bá fẹ́ tán fún á bu tirẹ̀, á sì rọ ọ́ padà nígbà tó bá tún ń kọjá. Kò sí àgádágodo, kò sí ẹ̀ṣọ́. N kò tíì rí ètò tó dára tó o. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń to ìrìn-àjò ọkọ̀ yín lórí kọ̀ǹpútà, tí mo fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀ ju oúnjẹ lọ, mo ní epo tó jókòó lásán ni. Ọjọ́ tí mo lọ yẹ ọ̀nà wò, mo fi rọ́bà fà á sínú ọkọ̀ mi. N kò sọ fún ẹnì kankan. Ọlọ́gbọ́n ni mí, àbí?

Òjò gbé afárá lọ. Ìyá Gíá, àgbà nínú ẹ̀yin awakọ̀, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún aláboyún kan ní abúlé òkè, gba ọ̀nà àyíká. Epo rẹ̀ tán nídìí ahéré, àgbá ṣófo. Ìyá yìí gbé àpótí ẹ̀jẹ̀ rù, ó fẹsẹ̀ rin inú ẹrẹ̀ dé abúlé. Nọ́ọ̀sì ní ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ gbà á, ó ṣì tutù. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló gbóná." Tìyá tọmọ ló yè.

Ibi tó burú jù nìyí. Nípàdé, ọ̀gá bi wá ta ló bu epo tí kò rọ ọ́ padà. Nínú ẹ̀yin awakọ̀, Ìyá Gíá ló bù ú kẹ́yìn ṣáájú ọjọ́ òjò yẹn. Ọ̀kan nínú yín ní, "Màmá, orí yín ti ń jò bíi rédíétọ̀!" Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Màmá ronú títí, wọ́n ní, "Bóyá mo gbàgbé lóòótọ́. Ẹni tó bá gbàgbé irú èyí, kò yẹ kó wakọ̀ mọ́." Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé tábìlì iwájú mi. Mo mú un. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo mú un!

Màmá, tí mo bẹ̀ kí ẹ wá jókòó síbí lónìí, ẹ kò gbàgbé. Ẹ ti rọ epo náà padà kún dẹ́nu kí n tó débẹ̀. Èmi ni mo fà á. Mo ti lọ rọ ọ́ padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó ṣe iṣẹ́ mi lọ́la, bí ẹ bá rí ohun tó jókòó lásán lójú ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń dúró dè.

Màmá, ẹ dárí jì mí. Kọ́kọ́rọ́ yín rèé. Ọkọ̀ wà lẹ́nu géètì, ẹrù ti kún inú rẹ̀, n kò sì yan awakọ̀ kankan sí i.